Orúkọ Tí Ìyàwó Sọ Rufus

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Rufus, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ má jí nǹkan rẹ̀, ẹ má bú baba tó bí i. Ẹ ṣáà pè é ní Akọ Pẹ́pẹ́yẹ, kí ẹ wá dúró kí ẹ wòran. Ẹni àádọ́rin ọdún ni o. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àwọn tó ń wọnlẹ̀, alàgbà ni nínú ìjọ rẹ̀ ní Odògbolú, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún un láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n tí orúkọ yẹn bá ta sí i létí, ojú rẹ̀ á le koko, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀ káàkiri pé òun ń lọ sílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kúkú ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Mùínátù ni, ìyàwó Adélékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ń rá kiri. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò wá fún wọn, orúkọ tó dùn, orúkọ àpọ́nlé. Nígbà tí Mùínátù wọlé wọn ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ́dún 1961, ó wo ẹ̀gbọ́n Rufus obìnrin, ó sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán. Ó wo ọmọ àbúrò bàbá wọn tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sọ ọ́ ní Afínjú. Nígbà tó kan Rufus, ọmọ ọdún méje, ó pẹ́ kó tó rí orúkọ fún un. Ìgbà tó máa wá rí i, Akọ Pẹ́pẹ́yẹ ló rí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí wá ni Mùínátù rí nínú ilé tó fi sọ ọmọ ọlọ́mọ ní pẹ́pẹ́yẹ? Ohun tí Rufus ti ń rò kiri láti ọdún náà lọ́hùn-ún nìyẹn. Kò sì bi obìnrin náà léèrè rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀rù ló bà á. Nígbà tó dàgbà, ìgbéraga ò jẹ́. Irú wa pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ wa lọ́rùn ká gbé ìbínú sáyà fún ọgọ́ta ọdún ju ká la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ.

Ó fara dà á títí di ọjọ́ ìdáná Ayọ̀kúnmi ọmọ rẹ̀, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àwọn àna wá láti Ọ̀yọ́, èèyàn jẹ́jẹ́, wọ́n jókòó tọwọ́tẹsẹ̀. Ni Mùínátù bá wọlé láàrin gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú oríire, Akọ Pẹ́pẹ́yẹ mi." Àwọn àna bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ọkọ ìyàwó wo ìdí àga bí ẹni tó fẹ́ rí bóyá bàbá ìyàwó ní ìrù. Láti ọjọ́ náà ni Rufus ti ní òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà obìnrin yẹn mọ́. Nígbà tí Adélékè kú, ibi ìsìnkú ló dé, kò dé inú ilé.

Ní ọjọ́ Ajé kan báyìí ni Wòsílátù pè é lórí fóònù. Wòsílátù ni àkọ́bí Mùínátù, òun ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Ayọ̀. Ara Màmá ò le. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, kò sí oògùn kan tó lè sọ ọ́ di tuntun. Màmá ní kí n pè yín."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún Akọ Pẹ́pẹ́yẹ kó wá, àwọn ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Ẹ má bínú sà. Bí wọ́n ṣe wí ni mo ṣe jíṣẹ́."

Rufus gbé fóònù sílẹ̀, orí rẹ̀ dàrú. Bí kò bá lọ, Mùínátù yóò gbé ìtumọ̀ orúkọ náà lọ sọ́run, kò sì sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Adélékè ti kú. Ìyá wọn ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá sì lọ, tí ó jẹ́ èébú ni ìyá náà fẹ́ tú sí i lójú kí ó tó lọ ńkọ́? Kò fẹ́ kí wọ́n bá òun lójijì. Ó pinnu pé òun yóò kọ́kọ́ wádìí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra òun, kí òun lè mọ irú ojú tí òun máa gbé lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi. Obìnrin yẹn ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Akọ pẹ́pẹ́yẹ kì í sàba. Tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ọmọ di ti ìyá ẹ̀."

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó sọ mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ wo ni mo bí tí mi ò tọ́?"

"Bóyá ó ríran," ni ìyá Ayọ̀kúnmi wí, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Rufus kó ìyẹn dà nù. Ó lọ bá Micah ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò ju òpó iná mẹ́rin lọ sí tirẹ̀. Micah fẹ́ràn ìbéèrè. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e padà.

"Wò ó, Rufus. Akọ adìẹ, kí là ń pè é?"

"Àkùkọ."

"Akọ ewúrẹ́?"

"Òbúkọ."

"Akọ àgùntàn?"

"Àgbò. Micah, mi ò wá jókòó ìdánwò."

"Fara balẹ̀. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Kò lórúkọ tirẹ̀. A kàn gbé akọ síwájú orúkọ ìyàwó ẹ̀ ni. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn baba wa ò rí iṣẹ́ pàtó kan lọ́wọ́ ẹ̀. Àkùkọ ń jí wa láàárọ̀. Àgbò, ọdún ń bọ̀. Òbúkọ, bó ò rí i, o máa gbóòórùn ẹ̀. Àmọ́ akọ pẹ́pẹ́yẹ, ta ló bi í?"

"Ṣé o ní orúkọ tí obìnrin yẹn sọ mí kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní akọ tí kò lórúkọ ni." Micah rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì yára fi omi tútù lọ̀ ọ́. Rufus kò mu ún.

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Rufus kò sùn dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkùnrin tí kì í tọ́mọ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọkùnrin tí kò wúlò ni, ọ̀kankan nínú wọn ò sì bá ọmọ ọdún méje mu. Bó bá yí i sápá ọ̀tún, á ní èébú ni. Bó bá yí i sápá òsì, á rántí pé obìnrin náà máa ń kúnlẹ̀ kí òun kó tó pe orúkọ náà, pé kì í fi rẹ́rìn-ín, pé ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń pè é. Ta ní ń kúnlẹ̀ búni?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wakọ̀ gba ọ̀nà Ìmùṣin lọ bá Haneef, ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ. Ó rò pé kò sẹ́ni tó lè mọ pẹ́pẹ́yẹ ju ẹni tó ń bá wọn jí lọ. Haneef kò rí ohun ìyanu kankan nínú pé àgbàlagbà wá béèrè irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mú un lọ sídìí ọgbà.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Èyí tó tóbi jù, tí ojú ẹ̀ pupa, tó ń rìn bí olówó yìí, akọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ariwo? Àwọn abo nìyẹn. Bí ejò bá wọ ibí, bí olè bá wọ ibí, abo ló máa ké. Akọ ò lóhùn. Èémí lásán ló ń mí jáde, hààà, bí ẹni tó jẹ ata."

"Kò lóhùn?"

"Kò ní in rárá. Ẹ̀yin ẹ ṣáà tẹ́tí."

Rufus tẹ́tí. Àwọn abo ń pariwo lóòótọ́. Akọ ńlá yẹn yí ojú kan sí i, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ẹyẹ ń wo èèyàn, èèyàn ń wo ẹyẹ. Rufus ronú pé òun ni àbíkẹ́yìn ilé bàbá òun, pé títí di òní yìí, tí wọ́n bá ń ṣèpàdé ẹbí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tán ni wọ́n máa ń rántí bi òun pé kí lo rí sí i. Ọkùnrin tí kò lóhùn nílé bàbá rẹ̀. Ìyẹn jọ ọ́ lójú ju ti àwọn tó kù lọ, ó sì dùn ún wọnú eegun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje wo ló ń lóhùn nípàdé ẹbí? Ó tún dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Haneef, ó wọ mọ́tò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Rufus kò padà sí Odògbolú lọ́jọ́ náà. Ó kọjú mọ́tò sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní bó bá jẹ́ èébú, kí ìyá náà bú òun tán lónìí kí òun lè sinmi.

Ilé Mùínátù wà ní àdúgbò Mọ̀bàlúfọ̀n, ilé alájà kan tí Adélékè kọ́ nígbà tó ń ti Èkó bọ̀. Wòsílátù ló ṣílẹ̀kùn, ẹnu yà á, kò sì jẹ́ kó hàn. Ìyá jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́, ó fi kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀, Akọ Pẹ́pẹ́yẹ."

Rufus ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ọ̀nà. Nígbà tó rí ọwọ́ yẹn nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú. Ó yára gbá a lọ́wọ́ mú, ó gbé e dìde.

"Ìyàwó mi, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ẹ ti pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó wá. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Orúkọ yẹn ni." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dà bí ohùn ọmọdé létí rẹ̀. "Orúkọ tẹ́ ẹ sọ mí. Kí ló dé? Kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi sọ mí ní pẹ́pẹ́yẹ?"

Ìyá gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń bi mí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rí."

Mùínátù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, tí Wòsílátù fi sáré gbómi wá. "Mo ti rò pé àjọmọ̀ wa ni," ni ó wí nígbà tó mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá. Tí mo bá pè yín, tí ẹ bá fajú ro, màá ní ẹ wo ọkọ mi, ẹ wo bó ṣe ń díbọ́n kí aráyé má baà fura." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wòsílátù, lọ bá wa ra ọsàn. Má tètè dé."

Wòsílátù jáde. Ìyá fi tẹ̀sùbáà sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ìyá yín ò fẹ́ mi. Ọmọ ìmàle ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni mo wọ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ékòó, ìparí oṣù ló ń wálé. Ìyá yín ò bá mi sọ̀rọ̀ ju gbálẹ̀, pọnmi. Mo bá di ẹrù mi, mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, mo ń bá mọ́tò lọ sílé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n ìyá yín yí padà lójijì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló se ìkọ́kọrẹ́. Tẹ́lẹ̀, abọ́ kan náà ni èmi àti Ìbàdíàrán fi ń jẹun. Lọ́jọ́ yẹn ó bu tèmi lọ́tọ̀. Ó gbé odidi ẹja lé e lórí, ẹja tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo wo abọ́ tirẹ̀, kò sí ẹja kankan ńbẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ní, 'Jẹun, ọmọ mi.' Ẹni tí kì í dá mi lóhùn ìkíni. Lọ́jọ́ kejì bákan náà, lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"

Ẹja yẹn jọ ohun tí Rufus ti mọ̀ rí. Kò tíì rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyá tó bí mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n bá bù lọ́tọ̀ fún ìyàwó tuntun, ojú ni kó fi jẹ ẹ́. Mo máa gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó síbi atẹ́gùn, màá dà á fún pẹ́pẹ́yẹ ìyá yín. Lójoojúmọ́ ni. Ọjọ́ kan lẹ yọ sí mi níbẹ̀. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹja wà nílẹ̀. Àwọn abo ń pariwo, wọ́n fẹ́ fi mí hàn gbogbo ilé. Akọ kan wà láàrin wọn, ó tóbi, ó ń wo gbogbo wa, kò ké. Ẹ wò mí, mo wò yín. Mo ní ó parí. Tí ìyá yín bá gbọ́ pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe, ibòmíràn ló máa gbà yọ sí mi.

"Mo ka ọjọ́ kan. Mo ka méjì, mo ka mẹ́ta. Ìyá yín ò sọ nǹkan kan, ojú ẹ̀ ò yí padà. Lọ́jọ́ kẹrin mo kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, mo ní, 'Ẹ káàárọ̀, Akọ Pẹ́pẹ́yẹ.' Ẹ rí i, ẹ ò ké. Mo lọ tú ẹrù mi. Mo ní ilé tí irú ọkọ báyìí bá wà, màá gbé ibẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe gbélé yín, tí mo fi bí Wòsílátù àti àwọn àbúrò ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀mí mi là lọ́wọ́ ìyá yín."

Inú Rufus dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ọgọ́ta ọdún ó lé. Oríkì ni wọ́n ń ki í, ó ń fajú ro. Ó rántí àwọn àna Ọ̀yọ́, ó ronú pé òun ìbá ti dìde láàrin wọn lọ́jọ́ náà kí òun na àyà síta. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá kò tíì parí.

"Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Mi ò ní pẹ́ lọ mọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́rìí mi pé mo ti dárí ji ìyá yín. Ohun tó fẹ́ fi ṣe mí, mo ti fi fún Ọlọ́run. Títí tó fi kú, ẹnu mi ò kan oúnjẹ ẹ̀. Tó bá fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí wa l'Ékòó, mò ń kó o fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í."

Ìgbà yẹn ni Rufus rántí. Ẹja yẹn. Ó mọ ẹja yẹn.

Òun ló máa ń jẹ ìdajì rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń pín in, àbíkẹ́yìn tí ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Lọ́jọ́ kan ló rí ẹrù tí ìyàwó dì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Ó wá sọ pé, "Èmi ni mo le ọmọ ọlọ́mọ dé ibi tó ń dẹrù yìí. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹja nínú abọ́ wọn mọ́. Nígbà tí Rufus wá rí i pé pẹ́pẹ́yẹ ni ìyàwó ń fún ní ẹja òun, orí rẹ̀ gbóná. Kò dé ojúlé kejì kó tó ké. Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹkún ló fi sọ ọ́.

Ó wo Mùínátù. Ìyá náà ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́, ó ń retí kí ó ṣe àmín. Kí ló kù tí èèyàn ń wá? Kí ó ṣe àmín, kí ó jẹ ọsàn, kí ó máa lọ sílé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n bó bá ṣe àmín, ìyá rẹ̀ ti di ẹni tó fẹ́ pa ìyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ nìyẹn, wọ́n sì ti dárí jì í fún ohun tí kò ṣe. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ kò lè jọ dúró nínú yàrá yẹn. Ọ̀kan ní láti jáde. Rufus fi fìlà rẹ̀ nu ojú.

"Ìyàwó mi, oògùn kọ́ ló wà nínú ẹja yẹn."

"Ẹ máa gbèjà ìyá yín. Ó tọ́."

"Ẹja tiwọn ni. Àwọn ni wọn ò jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ lè jẹ ẹ́. Mo ti rí ẹrù yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ dúró. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè fẹnu bẹ̀ yín, ni wọ́n bá ń fi ẹja bẹ̀ yín."

Ọmọdé ò mẹ̀fọ́, ó ń pè é légbòogi. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni Mùínátù nígbà náà, ta ló máa dá a lẹ́bi? Ìyá àgbà yìí gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ó mọ̀ pé mò ń dà á nù?"

Kò sí bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́. "Wọ́n mọ̀. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí mo rí yín. Ẹja ló ń ro mí. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kó máa dà á nù. Ó máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan.'"

"Ó wá tún bù ú lọ́jọ́ kejì?"

"Lójoojúmọ́. Títí bùọ̀dá mi fi wá mú yín lọ sí Èkó."

Mùínátù kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé abọ́ wà nínú rẹ̀.

"Rufus," ni ó wí.

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, orúkọ yẹn kò kan ètè rẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé ó ń pe ẹlòmíràn tó dúró lẹ́yìn Rufus.

"O ṣeun tó o sọ. Ká ní o ò sọ, irọ́ ni mi ò bá gbé lọ bá ìyá rẹ." Ó mí. "Àmọ́ èèyàn kan rí mi lóòótọ́ tí kò ké. Ọjọ́ gbogbo ló ń rí mi. Ìyá rẹ ni, ìwọ kọ́."

Rufus dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà tó le tó báyìí dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó ilé wọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí bẹ́ ẹ ṣe ń pè mí." Ìyá na ọwọ́, ó fi pa á lórí, ó ní kó dìde. Kò pè é ní nǹkan kan.

Wòsílátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀rá ọsàn. Ó wo ojú rẹ̀ pípupa, ó rò pé wọ́n ti tún jà.

"Bàbá Ayọ̀, ṣé Màmá sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún yín?"

"Wọ́n sọ ọ́."

"Ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn." Rufus ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nínú àpò tí kọ́kọ́rọ́ kò sí. "Ó dùn gan-an. Orúkọ mi kọ́ ni."